Ínṣì Mẹ́rin àti Èènì Rẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ọlọ́gbọ́n, kí ó gba ilé ẹlòmíràn lọ. Alága ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń bí mi nínú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí pé n ó fi àtíkè kùn ún lójú. Bólúwají Oyèdọ̀tun ni orúkọ rẹ̀, Alága Ìgbìmọ̀ Àbójútó Ọ̀nà Oko ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ó bá sín, Fúnminíyì akọ̀wé rẹ̀ a ní, "Ó bọ́ sásìkò, sà." Bí ó bá yán, wọn a pàtẹ́wọ́.

Kí ó tó dépò, Ìgbómìnà ló ń sọ bí gbogbo wa. Ọjọ́ tí wọ́n fi í ṣe alága ló ti pa ẹnu ilé tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó bá òun mú iyọ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ní ti ọ̀rọ̀ iyọ̀, ìgbìmọ̀ wa kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un." Obìnrin náà dìde, ó lọ mú iyọ̀ fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Kí ó rí i pé ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà kó kòkó, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo wọ ìlú ṣeé gbà. Èyí tó burú jù nínú wọn ni ọ̀nà Abà Òkè-Ọdán, tó ya kúrò lára ọ̀nà Ọ̀rà. Àgbàrá ti gbẹ́ ẹ títí apá kan fi ga bí ìtẹ́, tí apá kejì di ọ̀fìn. Àlùfáà Àsíìsì, olórí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, ti wá sí ọ́fíìsì Alága títí ó fi mọ orúkọ gbogbo ajá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n mọ́ wa lórí lọ́nà." Alága á sì dáhùn pé ìgbìmọ̀ òun ń wo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ojú méjèèjì. Ojú méjèèjì kò dé Òkè-Ọdán rí.

Nígbà tó yá, ìpè kan wọlé láti Òṣogbo. Wọ́n ní Ìyáàfin Ẹfúnróyè, tí gbogbo irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ń bọ̀ ní Ìlá ní ìparí oṣù, Òkè-Ọdán gan-an ló sì fẹ́ kí Alága mú òun lọ. Ohun tí ó bá rí lọ́nà ni yóò fi mọ̀ bóyá kí Bólúwají máa jókòó sórí àga náà lọ, tàbí kí ó máa lọ ilé. Alága kọ́kọ́ mu omi. Lẹ́yìn náà ló tún mu omi. Àga yẹn ni gbogbo ayé rẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe. Owó tí wọ́n fi ń háyà kátápílà wà nílẹ̀. Kí ó rán an lọ kí ó lọ tẹ́ ọ̀nà, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe Alága. Alága jókòó, ó ronú, ó sì rántí ìgbéyàwó kan tí òun lọ lóṣù tó kọjá, níbi tí alága ìlú mìíràn gbé ọkọ̀ jíìpù tó ga ju tirẹ̀ lọ wá sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, tó sì kí i láti òkè. Láti òkè! Ìkíni yẹn kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó dìde dúró, ó gbá tábìlì, ó ní:

"Fúnminíyì! Ọ̀nà Òkè-Ọdán kò burú. Ọkọ̀ ló kúrú!"

"Háà!" ni Fúnminíyì wí, ó sì di orí mú. "Ọpọlọ yìí, sà, ẹ rọra máa lò ó o. Kò gbọdọ̀ tán."

Wọ́n gbé jíìpù ìjọba lọ sọ́dọ̀ Jóṣúà, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí ọ̀nà Ọ̀rà, tí ẹnu rẹ̀ mú ju sípánà rẹ̀ lọ. Jóṣúà rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó yọjú padà, ó nu ọwọ́.

"Ọ̀gá mi, ọ̀nà ni a máa ń wò kí a tó gbé ọkọ̀ sókè," ló wí. "Ẹrẹ̀ àti kòtò àgbàrá ló wà ní Òkè-Ọdán. Ínṣì méjì ti tó fún un, kí a wá fi táyà eléyín tó fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Táyà tó bá ju àyè rẹ̀ lọ á máa ha mọ́gáàdì. Ọkọ̀ tó bá sì ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ibi tí ilẹ̀ bá ti dagun ló máa sùn sí."

Alága sún mọ́ ọn. "Méjì? Jóṣúà, wò mí dáadáa. Ṣé ojú ẹni ínṣì méjì nìyí?"

Jóṣúà wo ojú náà. Ó tún wo páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń jò láti èṣí, ó ro bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ojú ẹsẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ fò jáde gba fèrèsé.

"Ẹ dárí jì mí, ọ̀gá mi! Oòrùn ló ń pa mí lójú. Ojú ẹni ínṣì mẹ́rin ni!"

Bí ó bá dúró síbẹ̀, bóyá ìtàn yìí kò ní sí. Ínṣì mẹ́rin, Ọlọ́run lè ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága ní ìjọba àwa-ara-wa ni òun ń ṣe, ó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀. Ẹni méje ni wọ́n. Wọ́n pe Àlùfáà Àsíìsì náà kí ó wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀, wọ́n fi í jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí a ti í ṣe nílẹ̀ wa. A kì í wọn nǹkan fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún kí ó mọ síbi tó mọ. Ìyá tó ń ta gàrí, bí ó bá wọ̀n ọ́n tán, á fi ọwọ́ bu èènì lé e. Àlejò ní òun ti yó, a ó ní kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un. Àṣà tó dára ni, lórí gàrí. Kò sí ẹni tó sọ fún wa rí pé a lè ṣe é lórí sípíríìnì ọkọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Alága wí, ó sì gbé ohùn sókè débi tí àwọn ẹyẹlé fi kúrò lórí àjà, "mẹkáníìkì ní méjì, mo ní mẹ́rin. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?"

Bàbá tó dàgbà jù níbẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. "Mẹ́rin tí Alága wí, ìrẹ̀lẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo fi ẹyọ kan ṣe èènì. Ó di márùn-ún."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá tó jókòó tẹ̀ lé e wò ó pé bí òun kò bá fi nǹkan kún un, wọ́n á ní òun kò fẹ́ràn Alága. Ó ní kí ó di mẹ́fà. Ẹni kẹta ń du ipò igbákejì, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìyá jókòó tán: "Méje, sà, mo sì dúró lórí rẹ̀!" Ẹni kẹrin ní méje kò dára, kò ṣeé pín sí méjì; kí ó di mẹ́jọ. Ẹni karùn-ún sọkún díẹ̀ kí ó tó fi tirẹ̀ sí i. Ẹni kẹfà gbàdúrà. Ẹni keje pẹ́ kí ó tó dé, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ rárá, ó ń yọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló gbọ́ "mẹ́wàá," ló bá kígbe pé, "Ẹ jẹ́ kí ó di mọ́kànlá, a kì í ṣe ahun!"

Omi lé ròrò sójú Alága. Ó ní kò tọ́ kí àgbà gba èènì kí ó má fi nǹkan dá a padà. Òun náà fi ẹyọ kan sí i. Ó di méjìlá, ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko.

Àlùfáà Àsíìsì na ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀nà ńkọ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Fúnminíyì ló fi sùúrù dá a lóhùn pé, "Àlùfáà, ohun tí a ń bá bọ̀ láti àárọ̀ náà kọ́ nìyí?"

Ti táyà kò gba ìpàdé. Alága ní táyà ẹni ńlá gbọ́dọ̀ ga tó ẹni ńlá. Fúnminíyì mú okùn aránṣọ, ó wọn ọ̀gá rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìdodo. Alága ní ìdodo ti rẹlẹ̀ jù, kí ó wọn òun dé àyà. Fúnminíyì gbé okùn náà lọ sí Ìbàdàn. Ọlọ́jà táyà wo okùn, ó wo Fúnminíyì, ó bi í bóyá katakata ni wọ́n fẹ́ fi sí. Fúnminíyì bínú, ó ní Alága ni.

Báyìí ni owó kátápílà ṣe di táyà àti irin. Jóṣúà gé mọ́gáàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi irin jó irin, ó to irin lórí irin, ó sì ń kọrin bí ó ti ń ṣe é kí ó má baà gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un. Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde, gbogbo ọmọ ìlú dúró. Ẹran tó wà lójú títì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìbẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé Alága kò lè wọ ọkọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n kan àkàsọ̀ kan, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì yan ọkùnrin kan sípò Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì lórí Ọ̀rọ̀ Àkàsọ̀. Bí Alága bá ti ń gùn ún, Fúnminíyì á máa kígbe ní ẹsẹẹsẹ: "Òkè ni! Òkè sí i! Òkè tàntàn!" Bí ó bá ń sọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkíni náà tún dìde. Àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n Alága kò rí wọn láti ibi tó wà. Ó rò pé ìlú ti ń fojú di òun. Ó fún Fúnminíyì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìyẹn sì kéde yí ká pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí Alága, kí ó má ṣe sún mọ́ ọkọ̀. Kí ó lọ dọ̀bálẹ̀ sí ọ̀ọ́kán níbi tí ojú ńlá lè dé, kí ó má sì dìde títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Ní abúlé gbogbo ni wọ́n ti kéde rẹ̀, títí dé Òkè-Ọdán. Ní Ìlá, wọ́n tún fi kún un pé kí àwọn ọlọ́kadà gbé ọkọ̀ wọn sókè nítorí ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà ka tìmùtìmù méjì lé ara wọn lórí ìjókòó, wọ́n ní àwọn ti ṣe é.

Àlàbí, ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà, ni kò sùn mọ́. Ọ̀ràn rẹ̀ kò ju sítíárì lọ. Bí ó bá yí i díẹ̀, táyà á ha irin, á ké; bí ó bá fẹ́ yí i tán, kò gbà. Ọkọ̀ náà mọ ọ̀nà tó tọ́ nìkan. Láti ilé Alága dé ọ́fíìsì, ìyànà kan péré ló wà níbẹ̀, síwá-sẹ́yìn tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan fi gbé àkàrà wá síbẹ̀ wá máa tà.

"Ọ̀gá, ó ń mì," ni Àlàbí wí lọ́jọ́ kan.

"Agbára ló ń mì," ni Alága wí.

"Bíréèkì náà kì í tètè mú un mọ́, sà."

"Ẹni ńlá kì í dúró lójijì."

Ọjọ́ pé. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó sì dá. Ìyáàfin Ẹfúnróyè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré kan níwájú ọ́fíìsì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó fi gèlè we orí ṣán-ún. Alága ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó sọ nípa ìran Ìgbómìnà, ó sọ nípa ara rẹ̀, ó tún padà sọ nípa ara rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti ní, "Èmi tí ẹ ń wò yìí, ìkẹ́ ni mo jẹ́ fún àgbẹ̀, ìgẹ̀ ni mo jẹ́ fún ọlọ́kọ̀," obìnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọ̀nà."

Wọ́n gbé àkàsọ̀ ewé jáde. Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì dì í mú. Ìyáàfin Ẹfúnróyè wo àkàsọ̀, ó wo ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Kí lẹ fẹ́ fi eléyìí ká lórí igi?"

"Ọkọ̀ ọ̀nà oko ni, Mà. Ínṣì méjìlá! Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìgbómìnà."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi ni kò gba àkàsọ̀." Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan tó ń kọjá, ó gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí tìmùtìmù. "Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn," ló wí, ó sì lọ.

Àyà Alága kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn náà inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí ọ̀kadà máa lọ rì sínú ẹrẹ̀. Òun ni yóò bá a níbẹ̀, òun ni yóò sì gbà á sílẹ̀ láti òkè, àga á sì di tòun títí ayé. Ó gun òkè tàntàn. Fúnminíyì gun orí ọkọ̀ gan-an, ó di ọparun kan mú, nítorí wáyà iná ìlú rẹlẹ̀ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó sì di dandan kí ẹnìkan máa gbé e kúrò lọ́nà. Bí a bá bú àwọn oníná nítorí àìsí iná, kí a rántí pé lọ́jọ́ yẹn, òun ló dá ẹ̀mí Fúnminíyì sí.

Wọ́n ṣe síwá-sẹ́yìn ní ìyànà àkọ́kọ́. Wọ́n ṣe é ní ìyànà kejì. Níbi tí ọ̀nà Òkè-Ọdán ti ya, ó di dandan kí wọ́n gba inú oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kọjá kí wọ́n tó lè yí. Ògbólógbòó ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó ń kó kẹ́ẹ̀gì epo bọ̀ pàdé wọn, ó yà fún wọn, ó ń rọ́ lọ nínú ẹrẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí táyà eléyín rẹ̀. Àlàbí wò ó lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé ibi tí apá kan ga tí apá kan di ọ̀fìn. Àlàbí dúró.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ dagun níbí o."

"Kí ni ìdí tí mo fi ga? Máa lọ!"

Táyà ọ̀tún gun ìtẹ́. Táyà òsì wọ ọ̀fìn. Ọkọ̀ náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, ó ń ronú. Fúnminíyì ju ọparun sílẹ̀, ó fò bọ́ sínú igbó. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, jẹ́jẹ́, láìkánjú, bí màlúù tó yó, títí ó fi na ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tí táyà ọ̀tún méjèèjì sì ń yí lọ́fẹ̀ẹ́ sójú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó fara pa, a dúpẹ́. Igbe Alága tó ti inú rẹ̀ jáde kì í ṣe ti rédíò mọ́. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni, irú èyí tí ìyá rẹ̀ bí i sí.

Àwọn àgbẹ̀ bíi mélòó kan ń bọ̀ láti oko. Wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ gbà mí o!" ni Alága ké, bẹ́líìtì ti fi í kọ́ sókè bí ẹran alápatà.

"Ẹ kú ewu, sà!" ni wọ́n dáhùn láti ilẹ̀.

"Ẹ sún mọ́ mi!"

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, sà. Wọ́n ní ká má dìde títí ọkọ̀ á fi kọjá."

"Kò lè kọjá!"

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "A lè máa dúró dè é, sà. A ò kánjú."

N kò mọ̀ bóyá àwọn àgbẹ̀ yìí ń gbọ́ràn ni tàbí wọ́n ń gbádùn ara wọn. Mo ti bi wọ́n. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Àlàbí ló já bẹ́líìtì. Alága gba fèrèsé òkè jáde, fìlà ti lọ, agbádá ti di àwọ̀ ilẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti wà nínú ẹrẹ̀ títí ayé. Ó fi Àlàbí sílẹ̀ kí ó máa ṣọ́ táyà. Ó pe Fúnminíyì. Fúnminíyì dáhùn láti inú igbó pé ẹsẹ̀ ń dun òun díẹ̀, kí wọ́n máa lọ ná. Báyìí ni Alága ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà Òkè-Ọdán fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tó dé abà, Ìyáàfin Ẹfúnróyè ti jókòó lábẹ́ igi ọsàn láàárín àwọn àgbẹ̀, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Lẹ́yìn ilé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú wà lókìtì lókìtì, eṣinṣin ń jẹ wọ́n. Àlùfáà Àsíìsì ló sún àpótí fún Alága.

Alága kò jókòó. Ó dúró gbọin nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ìyáàfin, ohun tí ẹ rí yìí, ìrìn-àjò ìwádìí ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí n lè fojú kan ìṣòro àwọn ènìyàn mi."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni obìnrin náà wí. "Kátápílà ńkọ́?"

"Ìgbìmọ̀ rí i pé..."

"Mo ti gbọ́." Ó nu ọwọ́, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀. "Alága, ẹ wá rí mi ní Òṣogbo lọ́jọ́ Ajé."

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń fi àìgbọ́n ṣe ìtùnú fún ènìyàn. Bí Alága ti ń fi bàtà ẹyọ kan padà sílé, ó ń tú ọ̀rọ̀ yẹn wò, ó sì ń dára sí i. Òṣogbo! Wọn kì í pe ẹni tí wọ́n fẹ́ lé. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbé ga ni wọ́n ń pè. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí ẹnu, ó ti dé ibi tó ti ní, "Èmi kò bẹ̀bẹ̀ fún ipò yìí," nígbà tó gun òkè kékeré kan, tó bá ìyá àgbàlagbà kan níbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ obì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá Fáòsíátù ni wọ́n ń pè é, ó ń bọ̀ láti oko.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù."

Alága dúró kí obìnrin náà lè rí ojú òun dáadáa. Ó rí i. Kò kúnlẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ẹrẹ̀ ni ó rí.

"Ìyá, ṣé ẹ kò dá mi mọ̀?"

"N kò ríran rí ọ̀nà tó jìn. Àbí oko wa pa ààlà ni?" Kò dúró de ìdáhùn. "Ẹ má bínú, mò ń sinmi ni. Ibí yìí nìkan ni fóònù ti ń wọlé lọ́nà yìí, gbogbo ayé ló ń dúró síbí pariwo. Obìnrin kan tí ọ̀kadà gbé kọjá lẹ́ẹ̀kan dúró síbí yìí, ó pe àwọn kan ní Òṣogbo. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Wọ́n ti yọ alága ọ̀nà oko o. Alihamudulilai."

Ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà ni Alága kọ́kọ́ mọ̀ pé ó tutù.

"Wọ́n... wọ́n yọ ọ́?"

"Lónìí yìí! Ó ní kí wọ́n fi kátápílà ránṣẹ́ lọ́la, kí wọ́n sì wá ẹlòmíràn sórí àga. Ó ní ọ̀gbẹ́ni náà gbé ọkọ̀ sókè dípò ọ̀nà. Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?" Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi kan mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ yí padà. "Ọmọ ọmọ mi rọbí lójú ọ̀nà yìí ní èṣí. Orí ọmọlanke ni a gbé e sí. Ọlọ́run ló yọ wá. N kò mọ alága yẹn, bàbá, n kò rí i rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń bá a jà lọ́kàn mi nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí Alága ti tò sẹ́nu ṣì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ó gbé e mì.

"Rárá o, ìyá," ló wí ní Ìgbómìnà. "Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí apẹ̀rẹ̀ kan mú, ìyá di èkejì mú, wọ́n jọ gbé e rù ú. Ó wúwo ju bí Alága ti rò lọ. Ìyá Fáòsíátù tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ó kọjú sọ́nà, ó ní ẹrẹ̀ pọ̀ níwájú, kí bàbá máa tẹ ibi tí òun bá tẹ̀. Alága sì tẹ̀ lé e.